Gbogbo Ibi Tí Wọ́n Ti Dárúkọ Alága

"Kò gbọdọ̀ fo ẹyọ kan o," ni alága ẹgbẹ́ agboolé wí, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà Hussainat, ọmọ àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Aláásárì ni ìdìbò n'Ítà Fájì. Kí wọ́n lè dá a padà sípò, ó fẹ́ fi hàn pé orúkọ òun kì í kúrò lẹ́nu wọn nínú gúrúùpù Wọ́sáàpù ẹgbẹ́.

Hussainat ti da gbogbo ọ̀rọ̀ gúrúùpù náà sínú Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. "Findall ni mo lò, Dádì. Search á dúró níbi àkọ́kọ́ tó bá rí, àmọ́ findall á ṣa gbogbo ẹ̀ pátá."

Ó tẹ̀ ẹ́. "Alága, Alága, Alága" ya bo ojú kọ̀ǹpútà bí àgbàrá ṣe ń ya wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Alága tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ṣó o rí i? Wọn ò lè ṣe kí wọ́n má pè mí."

"Ẹ má bínú, Dádì. Ẹ̀yin lẹ sọ ara yín ní Alága níbẹ̀, òun ló sì ń jáde níwájú gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ. Ẹ jẹ́ n yọ tiyín kúrò."

Ó yọ wọ́n, ó tún un wá. Ẹyọ kan péré ló kù: "Ṣé alága ti sùn, ká lè máa sọ̀rọ̀ wa?"

"Ta ló kọ ìyẹn?"

Hussainat rọra dáhùn pé ìyàwó alága fúnra rẹ̀ ni.

Alága tún na ọ̀pá rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà náà.

"Padà sí ti àkọ́kọ́," ó ní. "Lẹ́tà gàdàgbà ni kó o fi tẹ̀ ẹ́ síwèé."