Kọfí Iye Ọdún Tó Kọjá

"Sídì mẹ́wàá kẹ̀? Ṣé wúrà lo pò mọ́ ọn ni?" Alhaji Bákàrè ti ife kọfí padà.

Oníkọfí àdúgbò Dichemso ń wo bébà funfun tó yọrí lápò jalàbíà Alhaji. "Alhaji, mílíìkì ti wọ́n, ṣúgà náà ò gbẹ́yìn."

"Wallahi, iye ọdún tó kọjá ni n ó san!"

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, ẹ mú sídì mẹ́fà wá. Gbogbo yín, ẹ ṣe ẹlẹ́rìí o: iye ọdún tó kọjá là ń san ní ṣọ́ọ̀bù yìí."

Alhaji mu ún tán, ó nu irùngbọ̀n, ó wá nawọ́ bébà náà sí i: owó háyà ṣọ́ọ̀bù ti di ìlọ́po méjì.

Oníkọfí fa àpò owó yọ lábẹ́ tábìlì. "Lánlọ́ọ̀dù mi, iye ọdún tó kọjá rèé. Àwọn ẹlẹ́rìí wa ò tíì dìde."