Ẹni Tó Kọ Ìparí Kátúùnù Náà

“Aunty, ẹ sọ fún bàbá Japan yẹn pé ó ba kátúùnù wa jẹ́!” Ọmọkùnrin kan, Akín, ló pariwo bẹ́ẹ̀ sí obìnrin ògbufọ̀ nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní College Park, ní Amẹ́ríkà, níbi táwọn olólùfẹ́ kátúùnù kan ti wá pàdé àwọn ará Japan tó ṣe é.

Inú ògbufọ̀ dùn sí iṣẹ́ yìí. Láti kékeré lòun náà ti kórìíra bí eré náà ṣe parí. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ Akín, ó sì fi tirẹ̀ kún un lédè Japan: “Ẹni tó kọ ìparí yẹn ò lọ́pọlọ, ojú ò sì tì í.”

Bàbá náà mirí. “Èmi kọ́. Nígbà tí iye àwọn tó ń wò wá lórí tẹlifíṣọ̀n já wálẹ̀, gbogbo àwa òǹkọ̀wé sá lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń kun àwòrán ló dúró, ó kọ ọ́ parí nítorí àwọn ọmọ tó ṣì ń wò ó.”

“Ibo lẹni náà wà?” ògbufọ̀ bi í.

Bàbá nawọ́ sí ìyá tó jókòó tì í, tí ògbufọ̀ ti rò pé ìyàwó rẹ̀ ni.

Ìyá náà gba máíkù, ó tẹjú mọ́ ògbufọ̀, ó sì sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́: “Ṣé èébú ọmọkùnrin yìí ni kí n kọ́kọ́ fèsì sí, àbí èyí tí ìwọ fi kún un?”