Ìwọ̀n Ìbàdí Káfíńtà

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni aránṣọ máa ń fi téèpù wọn káfíńtà ọkọ rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀ máa ń rù, kò sì fẹ́ kí ó bá òun lójijì. Yóò wọn àyà, yóò wọn ìbàdí, yóò kọ ọ́ sínú ìwé oníbàárà. Oṣù mẹ́rin rèé, ìbàdí káfíńtà kò dín, kò lé.

"Ìyá àwọn ọmọ, o tún ti dé," ọkọ rẹ̀ á ní. "Ìgbà wo ni wàá rán aṣọ ọ̀hún gan-an?"

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ̀yin aláwàdà."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sibítù. Káfíńtà ló lọ gba èsì, òun ló sì wálé wá sọ pé ọkàn òun ti bàjẹ́, kò ṣeé wò sàn mọ́, àfi kí á máa fi oògùn tọ́jú rẹ̀. Ó yarí pé òun ò ní dá oògùn gbé mì. Aránṣọ bá ń gbé tirẹ̀ náà mì tì í. Ọkọ rẹ̀ ní oògùn ẹ̀jẹ̀ lásán ni èyí tí òun ń fún un. Iyọ̀ kúrò lọ́bẹ̀ àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, káfíńtà á dúró lágbedeméjì, á ní ó rẹ òun. Aránṣọ á jókòó tì í, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àánú ọkọ rẹ̀ ń ṣe é débi pé àyà tirẹ̀ náà ń lù kìkì. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó ń wú, ẹ̀rọ ìránṣọ ló di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ìgbà tó yá, òkun tí aránṣọ ti ń dárúkọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni káfíńtà ní òun fẹ́ lọ wò. Wọ́n lọ bá dókítà.

"Ọ̀nà jìn," dókítà wí. "Ọkàn yìí lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́nà. Ó sì lè dá a sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nílé. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà."

Aránṣọ ni dókítà ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Káfíńtà náà yíjú sí i. "Ohun tí o bá sọ la máa ṣe."

Omi lé ròrò sójú aránṣọ. Kí ni èèyàn fẹ́ ṣe? Ikú kì í ṣáà bẹ̀rù ilẹ̀kùn.

"A máa lọ," ó ní. "Kàkà kí á jókòó máa retí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wá wa tì nílé."

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́kún. Aránṣọ gbá a mọ́ra, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àwọn ọkùnrin àti ẹ̀rù ikú!

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, bí káfíńtà ti ń kó ẹrù sínú mọ́tò, fáìlì ọsibítù tí kì í kúrò lábíyá rẹ̀ já bọ́, àwọn ìwé inú rẹ̀ sì fọ́n ká. Aránṣọ rọra bẹ̀rẹ̀ láti bá a ṣà wọ́n jọ.

Èyí tó kọ́kọ́ mú kà nìyí: "Aláìsàn: obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Àìsàn: ọkàn tó ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́: aránṣọ."