Ẹ̀gbọ́n Tí Kúlúsúmù Sẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìparí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọbìnrin tó tó ilé ọkọ lọ.

1.

Ọdún 1995 ni, ayé sójà, tí epo mọ́tò ṣọ̀wọ́n, tí owó oṣù kì í tètè dé. Kúlúsúmù, opó kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Ẹdẹ, ń ṣe àlejò ní pálọ̀ rẹ̀. Ará ìlú Awo ni àwọn àlejò náà, ẹbí Abdulmujeeb, tíṣà tó fẹ́ fi Mubarakah ṣaya. Mubarakah nìkan lọmọ tí Kúlúsúmù bí.

"Ẹsẹ̀ la fi rìn dé ìdajì ọ̀nà," ni Ìyá Abdulmujeeb wí. "Bí sójà bá gba epo lọ́wọ́ wa, kò lè gba ẹsẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Abdulmujeeb wá rọra gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Mubarakah, ẹ má bínú, ẹ mọ̀ pé ó yẹ ká bèèrè. Ṣé kò sí wárápá nílé yín? Kò sí ẹ̀tẹ̀? Kò sí àrùn kan tó ń ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ?"

"Rárá o! Ilé tiwa mọ́ tónítóní."

Ẹnu rẹ̀ ò tíì padé tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

2.

Dókítà Tèmídayọ̀ ló wọlé, ó gbé ìwé ńlá kan dání. Ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe kiri.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ìyá Mubarakah, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níta díẹ̀, mà."

Kúlúsúmù wo ojú àwọn àlejò. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Ẹ sọ ọ́ níbí. Kò sí àṣírí nílé yìí."

"Ó máa dára ká bọ́ síta, mà."

"Mo ní ẹ sọ ọ́!"

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ Sàfúrátù ni, ẹ̀gbọ́n yín."

Ìyá Abdulmujeeb tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Sàfúrátù wo?" ni Kúlúsúmù wí. "Èmi ò ní ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọmú kan náà làwọn méjèèjì mu dàgbà. Kúlúsúmù ló ń wẹ egbò Sàfúrátù fún oṣù mẹ́jọ kó tó kú. Àrùn ọmú yẹn náà ló ti pa ìyá wọn ṣáájú.

"Dókítà, ẹ ṣi ilé yà. Ẹ máa lọ."

Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni dókítà ti rọ ohùn sílẹ̀.

"Mà, ohun kan wà nínú ẹran ara wa tó máa ń pàṣẹ fún un pé, 'Ó tó, má dàgbà mọ́.' Ní àwọn ìdílé kan, ohun tó ń pa àṣẹ yẹn ti bàjẹ́, ìyá á sì gbé e fọ́mọ. Àmì rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ la fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀yin àti ọmọ yín, ká fi ránṣẹ́ sókè òkun, torí ẹ̀rọ rẹ̀ ò sí níbí. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú ìwé yìí, a ó máa yẹ ọmú wọn wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni kẹ́ ẹ wá. Mo wà ní ọsibítù títí di ọjọ́ Jímọ̀. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

3.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, Mubarakah jáde láti yàrá.

"Màmá, kí ló pa Ìyá Àgbà?"

"Ikọ́ ni."

"Àǹtí Sàfúrátù ńkọ́?"

"Ikọ́ náà ni."

"Irú ikọ́ wo ló ń ṣa obìnrin pa báyìí?"

"Lọ fọ abọ́!"

Ní Ọjọ́bọ̀, Kúlúsúmù wé gèlè, ó sì dé ẹnu géètì ọsibítù. Ó rí obìnrin kan tó jọ ará Awo. Ó yí padà. Ọjọ́ Jímọ̀ kọjá. Ìgbéyàwó wáyé, ó sì dùn.

4.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Mubarakah ń fún ọmọ lọ́mú.

"Màmá, ẹ fọwọ́ kan ibí yìí. Kókó kan ni, àmọ́ kì í dùn mí."

Kúlúsúmù fọwọ́ kàn án. Ó mọ̀ ọ́n. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Sàfúrátù nìyẹn.

"Wàrà ló dì," ló wí. "Máa fi omi gbígbóná jó o."

Ó fi omi gbígbóná jó o fún oṣù mẹ́wàá.

5.

Awọ ọmú ti ya nígbà tí Abdulmujeeb gbé ìyàwó rẹ̀ dé ọsibítù. Dókítà púpọ̀ ti sá lọ sí Saudi. Tèmídayọ̀ ló kù.

"Ṣé ẹnì kan ti ṣe irú àìsàn yìí rí nínú ẹbí yín?"

"Rárá, mà," ni Mubarakah dáhùn.

Dókítà wo Kúlúsúmù. Ó dá a mọ̀. Kúlúsúmù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lójú wọn.

"Obìnrin mọ́kàndínlógún ló fún wa lẹ́jẹ̀ lọ́dún yẹn," ni dókítà wí jẹ́jẹ́. "A rí kókó lára méjì, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. A gé e. Wọ́n wà láyé."

"Èmi ńkọ́, mà?"

"Ó ti wọ ẹ̀dọ̀."

Mubarakah kọjú sí ìyá rẹ̀. "Ẹ mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Ilé ọkọ rẹ ni mò ń dáàbò bò. Wọn ì bá kọ̀ ẹ́!"

"Ta ni ì bá kọ̀ ọ́?" ni Abdulmujeeb wí. "Ẹ ò bi mí."

"Màmá," ni Mubarakah wí, "ẹ ti bá mi gba ilé ọkọ. Ta ni yóò wá gbé ibẹ̀?"

Ó kú ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Kò sẹ́ni tó bú Kúlúsúmù. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá èébú.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ dárúkọ ohun tó pa àwọn tó ti lọ. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ sọ ọ́ fọ́mọ yín, kí ìtìjú àna má baà sọ yín di ẹni tó ń sin ọmọ. Ẹ ka ìtàn yìí sétí ẹlòmíràn lónìí.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó bá irọ́ létí sàréè kì í jí òkú.