Ọrùn Dókítà

"Ìgbà mélòó ni irin iṣẹ́ ti já bọ́ lọ́wọ́ yín?" Dókítà bi fọ́kanáísà tó wá láti Jíbówú, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mú bírò tuntun tirẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, sà. Ọwọ́ ọ̀tún á kàn kú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún jí."

Dókítà fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e lọ́rùn. Ó gbọ́ fùù, fùù. Inú rẹ̀ dùn ju bó ti yẹ lọ, torí ó ti pẹ́ tó ti rí ẹni tó máa ṣàlàyé ohun tó kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fún. Ó ki ẹ̀rọ náà bọ ọkùnrin náà létí kóun náà gbọ́ ọ.

"Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ọpọlọ yín ti há. Bí a ò bá tètè tọ́jú ẹ, rọpárọsẹ̀ ló kàn."

"Ṣé kì í ṣe gbogbo ọrùn ló ń dún báyìí ni, sà?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó tú táì rẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ ọrùn gidi."

Fọ́kanáísà gbé ẹ̀rọ náà lé ọrùn Dókítà, ó dijú. Ogún ọdún ló ti fi ń fetí wá ibi tí táyà ti ń jò.

"Ẹ má mí ná, sà." Ó tún gbọ́ ọ. "Tiyín le ju tèmi lọ."

"Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀!" Dókítà fa ìwé kó kọ oògùn ọkùnrin náà. Bírò já bọ́.

Fọ́kanáísà bá a mú un. "Ìgbà mélòó ló ti já bọ́ lọ́wọ́ yín, sà?"

Dókítà wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin," ó ní. "Bírò ni mo ń pààrọ̀."