Iwájú Nìkan Ni Màmá Ń Rí

"Ọ̀pẹ rèé! Ewúrẹ́ rèé! Adéwùnmí, àṣé o ti sanra tó báyìí?"

Gbogbo ará ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Màmá Àwẹ̀ró.

Adéwùnmí, ọmọ rẹ̀, nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín.

Ọsibítù ní Ìdó ni wọ́n ti ń bọ̀. Iṣẹ́ abẹ kan náà ni dókítà fi yọ awọ funfun tó bo ojú Màmá, tó sì fi la ọ̀nà fún omi tó há sínú ojú náà.

"Iwájú nìkan ni wọ́n á máa rí o," dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. "Ti ẹ̀gbẹ́ ti lọ, kò lè padà mọ́."

Ó dun àwọn yòókù. Adéwùnmí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà fún ní ìrètí díẹ̀.

Wọ́n wọ Òsì, ìlú wọn.

Adéwùnmí fọwọ́ kan awakọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé."

"Kí ni mo jí, tí n ó fi gba ẹ̀yìnkùlé wọ ulé mi?" Màmá fara ya. "Iwájú ni kẹ́ ẹ gbé mi lọ! Kẹ́ ẹ sì pe Akínlolú ọmọ mi nílùú òyìnbó, ẹ ní ìyá rẹ̀ ti ń ríran!"

Awakọ̀ yà sí iwájú ilé.

Ọkọ̀ dúró. Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó wo iwájú rẹ̀ gan-an.

"Adéwùnmí, ta lẹ sin síbí?"

Èèwọ̀ ni kí ìyá rí sàréè ọmọ rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú Akínlolú dé láti Èkó, àwọn àgbà ẹbí ní:

"Ẹ ní ó lọ sílùú òyìnbó, kẹ́ ẹ sì sin ín síwájú ilé bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò kúkú ríran."