Àjọ Oorun

Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ aṣọ wa kì í bèèrè orúkọ. Ẹ̀gbà ọwọ́ tó ń ṣírò oorun wa ló ń kà: òṣìṣẹ́ tí kò bá sun wákàtí mẹ́fà, ilé ló ń padà sí láìrí iṣẹ́ ṣe. Èmi akọ̀wé ni wọ́n ní kí n wò ó bóyá ètò ìlera yìí ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá sì fẹ́ gba àbọ̀ mi lọ́sàn-án òní.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ̀rọ ní àwọn aláró méjìlá sun wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lánàá, gbogbo wọn pátá. Mo lọ bá Màmá Ọláitán, àgbà wọn.

"Màmá, ta ló sùn fún gbogbo yín?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ojú ẹ mú o! Àjọ la ń dá. Fádèyí ló kàn lánàá. A bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó tètè lọ sílé, ó so ẹ̀gbà méjìlá mọ́wọ́, ó sùn bí òkú."

"Ẹ̀yin tó kù ńkọ́?"

"Wákàtí mẹ́ta. Aago mẹ́wàá alẹ́ la ń ṣíwọ́, kí a tó délé kí a tó jẹun, ó ti di aago kan òru, aago mẹ́rin ìdájí ni bọ́ọ̀sì ń kó wa padà." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n lé wa o, ọmọ mi."

Mo kọ ọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ kì í sùn tó, ètò náà kò ṣiṣẹ́: kí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà, kí iṣẹ́ máa parí láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀gá kà á, ojú rẹ̀ pọ́n. "Kọ orúkọ ẹni tó sọ fún ọ pé wọn kì í sùn, kí n mọ ẹni tí n ó lé."

Mo gba bébà náà, mo kọ orúkọ ara mi sí i, mo sì dá a padà fún un.